Ohun Tí A Bá Nínú Àpò Kóòtù Ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ kóòtù la bá wá lónìí. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: kí ni ará Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ fi kóòtù ṣe? Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó sẹ́yìn zémìjàn ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, láti Sakété lọ sí Pobẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í bi ènìyàn bóyá ilẹ̀ olóoru ni wọ́n bí i sí. Eyín á máa gbá eyín. Tí oòrùn bá sì yọ, tó di aago mẹ́wàá, ẹni tó wọ kóòtù á máa wá ibi tí yóò bọ́ ọ sí.

Àwa mẹ́ta la jọ ni kóòtù kan. Ọjà Missèbo ní Kútọnu la ti rà á, nínú aṣọ àlòkù tí wọ́n ń tú láti inú ìdì tó ti Yúróòpù wá. A dá owó jọ, a ná an títí ìyá tó ń tà á fi bínú, a sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá ń lọ kó ọ̀rọ̀ jọ lọ́jọ́ náà ni yóò wọ̀ ọ́. Ó dúdú, ó wúwo, ó ní àpò mẹ́rin: méjì níta, ọ̀kan nínú lápá òsì, àti ọ̀kan kékeré báyìí tí a kò tíì mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń fi sí i. Tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní ìparí oṣù Èrèlé, a ó sá a sóòrùn, a ó ká a sínú àpótí, ó di ìgbà tí ọyẹ́ mìíràn bá dé. A kì í fọ̀ ọ́. Ẹ má bá wa wí. Kóòtù yẹn tó bá mumi tán, ọkùnrin méjì kò lè fún un.

Ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa náà ni. Àwa níbí ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní friperie, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní òkìríkà, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìlú kan ní etí omi ní gúúsù ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni. Àwọn mìíràn nínú wọn ń pè é ní bọ́síkọ́nà, bí ẹni pé wọ́n ń fọwọ́ pe oníbàárà kó yà sí kọ̀rọ̀. Ní Gánà, obroni wawu ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Orúkọ ti Gánà yìí la fẹ́ràn jù. Ẹni tó kọ́kọ́ fi pè é kò gbà pé ẹni tó wà láàyè lè dìde kó kó irú aṣọ gidi bẹ́ẹ̀ dànù. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá wà nínú àpò rẹ̀, ogún ni.

Ogún tí a jẹ lọ́jọ́ tí a ra tiwa kò pọ̀. Nínú àpò kékeré yẹn la ti bá tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan láti ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé. Ìwé pélébé, kò ju ìka méjì lọ. Ẹ̀rọ ti tẹ ọjọ́ sí i, ó ti tẹ wákàtí àti ìṣẹ́jú sí i, ó tẹ nọ́ńbà ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà, ó sì tẹ iye owó rẹ̀. A fi ṣàmì ìwé, a sì gbàgbé rẹ̀. A kò mọ̀ pé ìwé yẹn yóò padà dójú tì wá.

Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ tó kọjá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ṣí àpótí, a fa kóòtù yọ. Gbogbo ẹni tó bá ti ká aṣọ ọyẹ́ pamọ́ rí ló mọ ohun tó kàn: ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sínú àpò. Nínú àpò ọ̀tún, a bá èèpo ẹ̀pà, ìdérí bíìkì kan tí kò ní bíìkì, àti owó 500 fáráǹkì kan tó ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Inú wa dùn. Owó tí a ti sunkún rẹ̀ tán, tí ọ̀kan nínú wa ti fura sí èkejì lórí rẹ̀ (a ti bẹ ara wa), òun ló ti sùn sínú àpò láti oṣù Èrèlé. Àkàrà la fi rà láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ògì gbígbóná. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a kò bá má kọ nǹkankan sínú ìwé ìròyìn yìí.

Nínú àpò òsì ti inú la ti bá ìwé mẹ́fà tí a fi rọ́bà dì: fíìṣì, bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pè é. Ìwé pélébé tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni. A ti wá fíìṣì wọ̀nyí títí nígbà tí à ń to iṣẹ́ wa jọ, a sì ti parí èrò sí pé a kò kọ wọ́n rí, pé àlá ni. Márùn-ún nínú wọn ṣe é kà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹfà, ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju báyìí lọ: igba na ti gbo.

Kò sí orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Kò sí ọjọ́. Kò sí orúkọ àdúgbò. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè, tí a ti jókòó nínú kíláàsì tí a gbọ́ ọ pé ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè wa, àwa náà la kọ ọ́.

Ẹ wò ó. Igba lè jẹ́ iye, ìyẹn 200. Ó lè jẹ́ igbá tí à ń fi bu omi. Ó lè jẹ́ ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó sì lè jẹ́ igbà, okùn tí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ ń fi yí ìdí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká. Mú 200 kúrò, mẹ́ta ló kù, kò sì sí èyí tí kò lè gbó nínú wọn. Igbá a máa gbó. Okùn a máa gbó. Àgbàlagbà tó bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dárà lè sọ pé ìgbà gan-an ti gbó. Bí a bá mọ ẹni tó sọ ọ́, a ó mọ èyí tó jẹ́. Ohun tó sì ń dùn wá nìyẹn.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà náà, orúkọ irinṣẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀pẹ ṣiṣẹ́ ni, láti Sakété dé Pobẹ̀. A fẹ́ mọ ibi tí ohùn ti yípadà, ibi tí fáwẹ̀lì ti yàtọ̀, bí àwọn tó ń pe ara wọn ní Nàgó ṣe ń pe ohun kan náà àti bí àwọn Ọ̀họ̀rí ṣe ń pè é. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, agbo ilé kan la wà ní Sakété. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń gun ọ̀pẹ láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tí ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kó gùn ún mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá tó ń fọ epo, tó sì ń tà á. Àwọn méjèèjì ló bá wa sọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti pa pọ̀. Bí gbólóhùn yẹn bá jẹ́ ti Ìyá, igbá ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igbá tó fi ń bu epo. Bí ó bá jẹ́ ti Bàbá, igbà ni, okùn rẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bàbá náà ti kú nínú òjò tó kọjá.

Kí a tó máa bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé, torí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan. Ilé-ìwé Faransé la ti jáde. Láti CI ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé àmì orí lẹ́tà ń sọ irú fáwẹ̀lì tó jẹ́: é yàtọ̀ sí è. Nígbà tí a dé yunifásítì la tó gbọ́ pé nínú Yorùbá àmì yẹn kan náà ń sọ ohùn. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wa bá ń sáré kọ̀wé, tí Bàbá ń sọ̀rọ̀, tí eruku ń wọlé, ọwọ́ á padà sí ohun tí ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ ogèdè. Ará Ìbàdàn tó bá kà á á rò pé ohùn ìsàlẹ̀ la fi sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ́ẹ̀ ti Faransé ni. Ó gbọ́ epo, ó kọ ekpo. Èyí kò burú, torí ní Bẹ̀nẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àkọtọ́ ìjọba wí. Láti 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990: ɛ àti ɔ dípò lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, kp dípò p, sh dípò ṣ. Àwọn ará ìhà kejì ibodè ní tiwọn, àwa ní tiwa, méjèèjì sì dára. Ohun tí kò dára ni fíìṣì tó ní díẹ̀ nínú ti Faransé, díẹ̀ nínú ti Nàìjíríà, díẹ̀ nínú ti Bẹ̀nẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ èyí tó ń tẹ̀ lé nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá ti kọjá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé a ó rántí. Gbogbo wa là ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, lẹ́yìn zémìjàn: "Mo rántí ẹni tó sọ ọ́, n ó kọ ọ́ tí mo bá délé." A délé, oúnjẹ wà, iná lọ, ọ̀la sì ní ìdánwò. (Ẹnì kan wà láàárín wa tó ní "gbàgbé" gan-an jáde láti ara "gbà" àti "gbé". Kò ní ẹ̀rí kankan. A kàn kọ ọ́ síbí kó lè tijú.)

A padà sí Sakété ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A wọ kóòtù lọ, fíìṣì kẹfà wà nínú àpò òsì. A kí Ìyá kú àṣẹ̀yìndè, a jókòó. Ó wò wá.

"Ṣé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tó jẹun níbí lọ́dún tó kọjá kọ́ nìyí?"

"Àwa ni, Ìyá."

"Ẹ ní ẹ ó padà wá ka ohun tí ẹ kọ fún wa."

A kò rí nǹkan sọ sí ìyẹn. Òótọ́ ni, a sọ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn tí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀kan nínú wa yọ fíìṣì, ó kà á bó ṣe wà lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ lóhùn kan bí ẹni ń ka ìwé Faransé. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èdè wo lẹ ń sọ yẹn?" A tún un kà, a pè é ní igbá. Ó mi orí. Ó ní, "Èmi kọ́. Igbá tèmi ò tíì gbó." A wá pè é ní igbà.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá yín ló máa sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí ààrò ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ tí ẹ jẹ ni mò ń sè." Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí a kò retí. "Kí ló tún sọ?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ìwé mẹ́fà la ní. Kò sí orúkọ lórí ẹyọ kan. A kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá nínú wọn, èyí tó jẹ́ ti Ìyá, àti èyí tó jẹ́ ti aládùúgbò tó kàn yà wá kí wọn. A rò pé irinṣẹ́ ọ̀pẹ là ń béèrè. Ọkùnrin yẹn ti lè máa sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ fún wa, àwa kàn ń dúró de orúkọ okùn. Opó rẹ̀ béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún àjèjì mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwa tó gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. (A kọ ọ̀rọ̀ Ìyá síbí ní Yorùbá tó yé gbogbo ènìyàn. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ní ohùn Sakété wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti àmì ohùn. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an la kọ ọ́.)

Ní alẹ́ yẹn la tún rántí tíkẹ́ẹ̀tì Lille. Ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì, tí kò gbọ́ èdè kankan, tí kò mọ ẹni tó wọkọ̀, tó mọ̀ dájú pé wọ́n máa sọ ìwé náà nù, tẹ ọjọ́ àti ìṣẹ́jú sí i. Àwa tí a jẹun ẹni, a kò kọ orúkọ ẹni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó yẹ ká fi wo ìwà wa. Yorùbá kò gbà ká sọ pé a rí 500 fáráǹkì yẹn he. Ohun ẹlòmíràn tó bọ́ sílẹ̀ la máa ń he. Ohun tìrẹ tó sọnù tí o tún rí, o kàn rí i ni. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú torí rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe bí ẹni pé ṣe la lọ he ọ̀rọ̀ ní Sakété àti ní Pobẹ̀, bí ẹni pé ó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí kò ní olówó. Mémoire wa kún fún "a rí i pé", "a kó ọ jọ". Kì í ṣe ilẹ̀ la ti ṣà á. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n fún wa ní àga, wọ́n fún wa lọ́rọ̀, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Faransé tí a ń lò fún irú wọn, informateur, kò sì ràn wá lọ́wọ́: bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wá, tí ẹnì kan sì wá ta ará ilé rẹ̀ fún wa.

Àwọn tó ń tọ́jú irú ọ̀pẹ gbọ́n jù wá lọ. Ní Pobẹ̀, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, ẹ̀yin tó ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú ọ̀pẹ tó dára jáde, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ṣe bó ṣe wù wọ́n. Yóò fi àpò bo òdòdó abo kó tó là, yóò mú ìyẹ̀fun akọ láti ara ọ̀pẹ tó mọ̀ wá fi sí i, yóò sì so nọ́ńbà ìyá, nọ́ńbà bàbá àti ọjọ́ mọ́ ọn. Èso tí kò bá ní ìwé yẹn, a lè fi se ọbẹ̀, kò wúlò fún irú. Tiwọn ni àpò tó ń pa ìran mọ́. Àpò tiwa ló ń gbé e mì.

Kì í sì ṣe ohun tuntun là ń bèèrè. Ní Freetown, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Sigismund Wilhelm Koelle jókòó ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní 1854 ni ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde. Èdè tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100, ẹ̀ka-èdè tiwa náà sì pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Akú nígbà náà: Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti àwọn mìíràn. Àwa máa ń ṣàríwísí àkọtọ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ó kọ orúkọ ẹni tó fún un lọ́rọ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé àti èyí tí wọ́n fún un ní Freetown, ìlú tí wọ́n ti bí i, bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú, ọdún tó ti lò láti ìgbà tó ti kúrò nílé. Ènìyàn tí wọ́n ti fi ṣe ọjà, Koelle kò jẹ́ kó wọ inú ìwé láìlórúkọ. Bí àmì ohùn rẹ̀ bá kùnà, a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ jẹ́ tirẹ̀, a sì lè gba ìlú rẹ̀ lọ wádìí lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó tóbi jù wá lọ náà ti sọ fíìṣì nù, ká má parọ́. Nígbà tí James Murray ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí Oxford, fíìṣì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, inú ilé onírin kan nínú ọgbà rẹ̀ ló sì ń tò wọ́n sí. Lára àwọn fíìṣì tí wọ́n ti pín fún àwọn olùrànlọ́wọ́ kí ó tó gba iṣẹ́, wọ́n bá díẹ̀ ní ilé ẹṣin ní ilẹ̀ Ireland. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ti di ohun tí wọ́n fi ń dá iná. Ọ̀rọ̀ kan, bondmaid, tó túmọ̀ sí ẹrúbìnrin, kò sí nínú ìwé náà nígbà tí wọ́n tẹ apá tó yẹ kó wà, nítorí pé fíìṣì rẹ̀ ti sọnù sáàárín àwọn ìwé mìíràn. 1933 ni wọ́n tó fi kún un, nínú ìwé àfikún. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè sọnù! Gẹ̀ẹ́sì lè rí bondmaid padà, torí ó wà nínú Bíbélì wọn, ó wà nínú ìwé ayé àtijọ́. Gbólóhùn Bàbá ní Sakété, inú ìwé wo la ó ti rí i?

Àwọn kan á ní ayé fíìṣì ti kọjá, fóònù wà lọ́wọ́. Ó wà lóòótọ́. Àwa náà ní i. Ẹ ṣí fóònù yín báyìí, ẹ wo ibi tí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ wà. "Nouvel enregistrement 3." "Nouvel enregistrement 14." "Nouvel enregistrement 14 (2)." Ta ni? Níbo? Àpò kóòtù náà nìyẹn, ó kàn ní iná lára ni. Ohun tí fóònù fi sàn ni pé ó gbọ́ ohùn tí ọwọ́ wa kò kọ, a kò sì ní tàbùkù ìyẹn: ká ní a gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, à bá mọ̀ bóyá igbà ni tàbí igbá. Ṣùgbọ́n fóònù a máa jábọ́, wọn a máa jí i, ẹni tó ni ín a máa pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó lè ráyè gba fídíò. A mọ ẹnì kan tó pa ọ̀sán méjì gbáko ní Pobẹ̀ rẹ́ nítorí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn mìíràn, àwọn ló sì pọ̀ jù, á ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ mémoire kì í béèrè. Wọ́n á béèrè iye ojú ewé, wọ́n á béèrè tíọ́rì, wọ́n á wo bóyá a kọ Faransé dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé, "Ẹ mú fíìṣì kẹfà wá, ta ló sọ ọ́?" Òótọ́ ni, kò sí èsì tí a lè fi bo èyí mọ́lẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ béèrè láé, Ìyá ti béèrè.

Nítorí náà ohun tí àwa ń sọ kò ṣòro. Alẹ́ ọjọ́ tí o gba ọ̀rọ̀ ni kí o kọ ẹni tó fún ọ, kí o tó jẹun bó bá ṣeé ṣe. Bí àgbà kan kò bá fẹ́ kí orúkọ òun hàn, kọ ohun tí ó bá ní kí o máa pe òun, kí o sì pa èyí tó jẹ́ gidi mọ́ sí ibi tí ẹlòmíràn kò dé. Kọ àdúgbò, nítorí ohùn àdúgbò kan ní Sakété kì í ṣe ti èkejì. Fi dò-rè-mí kọrin ọ̀rọ̀ náà padà fún un lójú ara rẹ̀, kí o tó fi àmì sí i. Á rẹ́rìn-ín ọ, á sì tún un ṣe. Yálà ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí ti Nàìjíríà, mú àkọtọ́ kan, kí o má ṣe pa á dà títí iṣẹ́ fi parí. Bí o bá sì ní o ó padà wá kà á, padà lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira jù, torí owó ọkọ̀ ni, a sì mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí àwọn tó ń lọ sí ìhà kan náà máa jọ lọ. Kí ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Pobẹ̀ máa bá àwọn yòókù ka tiwọn nígbà tó bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀.

A sì fẹ́ kí ìwé ìròyìn wa yìí yọ̀ǹda igun kékeré kan, kí ẹni tó bá rí fíìṣì tí kò mọ ti ẹni tó jẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn lè ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tiwa ló ṣáájú: igba na ti gbo, Sakété, ọyẹ́ èṣí. A kò tijú mọ́.

Ní ìparí oṣù Èrèlé, kí kóòtù tó wọ àpótí, a ó tún lọ ka márùn-ún tó kù fún Ìyá, bóyá yóò dá ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó sọ fún wa ṣáájú ọjọ́ náà. A kò ní lọ lọ́jọ́ ọjà, torí Ìyá ń ta epo.